Edale: Nínú Ọ̀nà Òkè Mẹ́rin, Èwo Ló Bá Ẹsẹ̀ Yín Mu?

Bí ẹ bá ń gbé ní Manchester tàbí Sheffield, abúlé Edale kò jìnnà sí yín rárá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni rélùwéè fi ń gbé èèyàn débẹ̀ láti ibùdó Piccadilly ní Manchester. Láti Sheffield, kò tó ìṣẹ́jú 40. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, àárín àfonífojì lẹ wà, òkè ló yí yín ká. Lápá àríwá ni Kinder Scout wà, òkè tó ga jù ní gbogbo Peak District, páàkì orílẹ̀-èdè tí Edale wà nínú rẹ̀, mítà 636. Lápá gúúsù ni òkè gígùn kan nà gbọọrọ sí, Great Ridge ni wọ́n ń pè é, Mam Tor ló sì ga jù lórí rẹ̀. Abúlé fúnra rẹ̀ kéré: ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ẹ̀kọ́ kan, ilé ọtí méjì, ibi tí wọ́n ti ń ta tíì àti kéèkì, àwọn ilé olókùúta, ó tán.

Àwọn èèyàn wa ní Manchester máa ń bi mí pé, “Èwo ni ká gbà níbẹ̀?” Fọ́tò Mam Tor ni wọ́n rí lórí fóònù, ibẹ̀ ni wọ́n á ní àwọn ń lọ. Tó bá di Sátidé, wọ́n á kó ọmọ ọdún mẹ́ta àti ìyá àgbà dání, wọ́n á sì kúrò nílé ní ọ̀sán. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Ibùdó rélùwéè Edale ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń parí sí. Mo ti rìn wọ́n nígbà ooru, mo ti rìn wọ́n nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀, mo sì ti mú àgbà àti ọmọdé lọ.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Gíga òkè kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú àwọn tí a jọ ń lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le tó tàwọn yòókù ni mo máa ń wò, nítorí ìrìn tirẹ̀ ni gbogbo wa máa rìn. Bí ẹ bá yan ọ̀nà tó wu ẹni tó yára jù, ẹ ó kàn lọ pín ara yín sí méjì lórí òkè ni. Kò sì sí ibi tó burú láti pín sí méjì bí orí òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ń já.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aago. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò títí dòní, ti ọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ Naismith, láti ọdún 1892: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn sókè. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò dúró rárá, ni ìṣirò yẹn bá mu. Bí ọmọdé bá wà láàárín yín, tàbí ẹ fẹ́ jókòó jẹun, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Ẹ wá fi wé ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Ní oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ̀. Ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ á lù, ilẹ̀ kò ní tíì ṣú. Ọ̀nà tó gbádùn mọ́ni ní oṣù Kẹfà lè di ewu ní oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ òkè ò kúrò níbi tó wà.

Mo tún máa ń bi ara mi pé: bí kùrukùru bá ṣàdédé bo òkè, ṣé ojú ọ̀nà ṣì máa hàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa? Bó bá sì rẹ ẹnì kan láàárín ọ̀nà, ṣé ibì kan wà tá a lè yà sí ká fi padà sílé?

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ọ̀nà kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè lẹ máa rà, kò sì sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà. Ẹni tó bá gbé mọ́tò wá máa sanwó ìgbọ́kọ̀sí, ibẹ̀ sì máa ń tètè kún ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún: àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré láàárín Manchester àti Sheffield kì í dúró ní Edale. Èyí tó ń dúró ní àwọn abúlé ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò àkókò tó ń padà kí ẹ tó kúrò níbùdó. Owó tó kù di ti bàtà àti máàpù, mo sì máa sọ èyí tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́.

Ọ̀nà àárín pápá: Upper Booth àti Barber Booth

Nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà ni. Wákàtí méjì tó bí ẹ kò bá jókòó, mẹ́ta bí ẹ bá gbé oúnjẹ dání. Ẹ gba inú abúlé gòkè dé ilé ọtí Old Nags Head. Iwájú rẹ̀ ni ọ̀nà Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ títí dé Kirk Yetholm ní ilẹ̀ Scotland, kìlómítà 431. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Díẹ̀ péré lẹ máa rìn nínú rẹ̀: ẹ ó kọ́kọ́ gba abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan, ẹ ó wá já sí pápá, títí ẹ fi máa dé Upper Booth. Láti ibẹ̀ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Barber Booth, kí ẹ gba àárín pápá mìíràn padà sí Edale.

Orúkọ àwọn ibí yìí máa ń dùn mọ́ mi. Booth láyé àtijọ́ ni àgọ́ tí àwọn darandaran ń sùn sí létí pápá. Márùn-ún ni wọ́n ní àfonífojì yìí, Edale tí ẹ rí yẹn gan-an, Grindsbrook Booth ni orúkọ rẹ̀. Abà ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní Abà Ẹni-báyìí nílé, tó wá di abúlé tó dúró.

Ọ̀nà yìí ni mo mú ìyá mi gbà nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún sì máa ń dùn wọ́n. A dé géètì àkọ́kọ́, irú èyí tó ń mì lọ mì bọ̀ nínú ọgbà kékeré kan, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi ọwọ́ fa géètì kọjá níwájú ara wọn, wọ́n jáde sí òdìkejì. Wọ́n wá dúró, wọ́n tún un tì lẹ́ẹ̀kan síi láti wò ó. Wọ́n ní, “Torí kí àgùntàn má bàa jáde ni.” Mo ti ń múra àtiṣàlàyé, ó ti yé wọn. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn ló ń ṣáájú wa, tí wọ́n ń ti gbogbo géètì.

Bàtà ìdárayá tó dì mọ́lẹ̀ dáadáa tó fún ọ̀nà yìí nígbà ooru. Nígbà òtútù, ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu géètì, níbi tí màlúù ti ń tẹ ilẹ̀. Kùrukùru kò lè fi bẹ́ẹ̀ dà yín láàmú níbí, torí ìsàlẹ̀ lẹ wà, ilé ò sì jìnnà. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kẹ̀kẹ́ ọmọdé: ẹ gbé ọmọ pọ̀n, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí màlúù tó ní ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ má gba àárín wọn, ẹ fẹ̀ yí wọn po. Ẹni tó bá mú ajá wá, kó fi okùn mú un, pàápàá ní oṣù Kẹrin tí àwọn àgùntàn ń bímọ.

Mam Tor láti Hollins Cross

Èyí ni ọ̀nà inú fọ́tò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ àti bọ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ, ẹ ó gùn tó mítà 300. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fún un. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibùdó, ẹ kọjá odò Noe, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí Hollins Cross, níbi tí òkè náà ti rẹlẹ̀ jù. Kí Edale tó ní ilé ìjọsìn tirẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Castleton ní òdìkejì òkè ni wọ́n ti ń sin òkú wọn, ibí yìí sì ni wọ́n ń ru pósí gbà. Mo máa ń rántí wọn bí èémí bá ti ń já mi lórí ibi tó ga jù níbẹ̀: àpò tí mo gbé kọ́ èjìká fúyẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù tiwọn.

Bí ẹ bá ti dé Hollins Cross, ìṣòro ti tán. Wọ́n ti to òkúta pẹlẹbẹ sójú ọ̀nà dé orí Mam Tor, mítà 517, kùrukùru kì í sì fi ọ̀nà yẹn pa mọ́. Edale wà lápá kan, Castleton lápá kejì, ẹ̀ ń wo méjèèjì láì yí ibi tí ẹ dúró padà. Àwọn ará àtijọ́ mọ odi yí orí òkè yìí ká, kí àwọn ará Róòmù tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣì máa rí odi náà, bí ebè ńlá tí koríko ti bò. Apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ti ya lulẹ̀, torí òkúta rírọ̀ àti òkúta líle ló to ara wọn léra níbẹ̀, tí omi bá ti wọ̀ ọ́ á máa yọ̀. Ọ̀nà mọ́tò tó gba ìdí rẹ̀ kọjá kò dúró: wọ́n tún un ṣe títí, ó sú wọn, wọ́n tì í pa ní 1979. Ọ̀dà rẹ̀ tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn láti rìn lórí rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Atẹ́gùn orí rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Fìlà àti gèlè á fò lọ, ẹ̀wù tó ń dí atẹ́gùn ni kí ẹ wọ̀, kódà ní oṣù Keje. Èkejì ni èrò. Ní ọjọ́ Sátidé tí oòrùn bá ràn, láti aago mọ́kànlá lọ, ẹ ó máa tò tẹ̀lé ara yín bí ẹni tó lọ gba gàárì. Ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀, ẹ ó ti débẹ̀ kí wọ́n tó jí.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le, kò pọn dandan láti padà sí Edale. Ẹ lè gba orí òkè náà lọ sí Back Tor àti Lose Hill, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó Hope, tí ọkọ̀ kan náà ń dúró sí. Gbogbo rẹ̀ á tó kìlómítà méjìlá.

Kinder Scout láti Jacob’s Ladder

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí, òun náà sì ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn má tíì gbà. Kìlómítà mẹ́rìnlá ni tàbí kó dín díẹ̀. Wákàtí mẹ́fà gbáko ni kí ẹ kà fún un. Ẹ gba Upper Booth bí ti ọ̀nà àkọ́kọ́, kí ẹ tẹ̀ síwájú dé afárá òkúta kékeré kan tí ẹṣin aláàárù ń gbà láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni Jacob’s Ladder ti bẹ̀rẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta tó ga, tí wọ́n fi orúkọ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Marshall pè. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè tó lé ní 600 rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Àmọ́ yìnyín kì í bo ilẹ̀ ní Ìdánrè.

Bí ẹ bá ti dókè, ẹ ó rí òkúta lóríṣiríṣi tí atẹ́gùn àti omi ti gbẹ́, àwọn kan bí olú, àwọn kan bí àpò tí wọ́n tò síra wọn. Ẹ máa tẹ̀lé etí òkè títí tí ẹ fi máa rí ibi sísọ̀ kalẹ̀ lókè Edale. Ẹ má kúrò létí òkè. Àárín Kinder kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń rìn gbéregbère lórí rẹ̀: ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tó ti mu omi yó ni, peat ni wọ́n ń pè é, kòtò rẹ̀ sì ju ènìyàn lọ níbòmíràn. Ẹsẹ̀ òsì mi wọ inú rẹ̀ rí dé orúnkún. Ó tutù, ó rọra ń fà, nígbà tí mo fà á yọ, bàtà ò bá a jáde. Mo ní láti dùbúlẹ̀ lórí ikùn kí n fi ọwọ́ wá bàtà náà nínú ẹrẹ̀. Mítà mẹ́ta péré ni mo fi kúrò lójú ọ̀nà. Lórí Pennine Way, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ la irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ já, púpọ̀ nínú òkúta náà sì wá láti ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí wọ́n ti wó.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Kinder ju fọ́tò lọ. Nígbà kan, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ló ni ín, ẹyẹ grouse ni wọ́n ń yìn níbọn lórí rẹ̀, wọ́n sì gba ọdẹ tó ń lé èèyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, 1932, nǹkan bí irínwó èèyàn, tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester, gbéra láti Hayfield ní apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n gun òkè náà ní gbangba. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, ló ṣáájú wọn. Wọ́n mú un, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin, àwọn mẹ́rin mìíràn náà ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1949, òfin páàkì orílẹ̀-èdè jáde. Ní 1951, Peak District di àkọ́kọ́ nínú wọn. Ní 2000, òfin mìíràn fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti rìn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wò yín bíi pé ẹ ṣìnà wá síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ra ọ̀nà yìí fún gbogbo wa, ẹ máa rìn.

Ohun tí ọ̀nà yìí ń béèrè: bàtà òkè gidi tó bo kókósẹ̀, ẹ̀wù òjò òkè àti ti ìsàlẹ̀ (jíìnsì kò dára, bó bá ti rin kì í gbẹ), oúnjẹ, iná ìléwọ́, kọ́ńpáàsì, àti máàpù OL1 ti Ordnance Survey. Kí ẹnì kan nínú yín sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Máàpù orí fóònù dára, ṣùgbọ́n òtútù máa ń tètè pa bátìrì.

Grindsbrook Clough

Ó dà bí ọ̀nà kúkúrú lórí máàpù, ẹ̀tàn ibẹ̀ sì nìyẹn. Láti abúlé, ẹ ó tẹ̀lé odò Grindsbrook wọ inú àfonífojì tóóró kan. Ìdajì àkọ́kọ́ rọ̀, kódà ó lẹ́wà. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀nà á pòórá sínú odò, òkúta ńlá ńlá lẹ ó máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn. Òkúta tó gbẹ máa ń di bàtà mú dáadáa. Èyí tí ewédò ti bò ń yọ̀ bí ilá. Ọ̀nà yìí ni Pennine Way ń gbà tẹ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ èrò tó bà á jẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sí Jacob’s Ladder.

Lójú tèmi, fún gígùn nìkan ni ó wà. Ẹ má ṣe gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ àpáta tí wọ́n ń pè ní Ringing Roger padà sí abúlé. Ẹ má gbà á rárá lọ́jọ́ òjò tàbí nígbà tí omi bá ti dì. Bí ẹ bá gùn ún lọ, tí ẹ sì gba Ringing Roger bọ̀, wákàtí mẹ́rin lè tó, àmọ́ bó bá rẹ ẹnì kan láàárín òkúta, kò síbi tí ẹ lè yà sí àfi kí ẹ padà sẹ́yìn.

Ta ló yẹ kó gba èwo?

Ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké, àgbà tó wá kí yín láti ilé, ẹni tó ń wo orúnkún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì ra bàtà: ọ̀nà àárín pápá ni tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣe ìrìn òkè.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ya fọ́tò, ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè tó ń sáré: Mam Tor. Bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀ sí tutù, òun náà ni kí ẹ yàn dípò Kinder, torí ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wù yín.

Ẹni tó ti gun Mam Tor lẹ́ẹ̀mejì tí kò rẹ̀ ẹ́, tó sì ní ẹni tó mọ máàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́: Jacob’s Ladder, láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Bí ẹ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹgbẹ́. Ní Sheffield, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ 100 Black Men Walk for Health sílẹ̀ ní 2004, Walk4Health ni wọ́n wá ń pè é, Peak District yìí ni wọ́n ti ń rìn. Grindsbrook wá jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ràn kí ọwọ́ òun kan òkúta, tí ojú ọjọ́ sì gbẹ.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ padà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lókè, 999 ni kí ẹ pè, ẹ béèrè fún ọlọ́pàá, kí ẹ wá sọ fún wọn pé Mountain Rescue lẹ fẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “register”, ránṣẹ́ sí 999 lórí fóònù yín, kí ẹ sì fèsì “yes” sí ìdáhùn tó bá wá, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n níbi tí ohùn kò bá ti lè lọ.

Bí ẹ bá sì dé ibùdó Edale tí ẹ ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ kọjú sí àríwá, ẹ wo etí Kinder lókè abúlé. Bí kùrukùru bá ti gbé e mì, ọ̀nà àárín pápá ni ti ọjọ́ yẹn, kódà bí gbogbo yín bá wọ bàtà òkè.